Inú ń run ọmọ mi láràárọ̀ ọjọ́ iléèwé, àmọ́ ara rẹ̀ ń yá gágá ní Sátidé

Ìyá Mofẹ́, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, 8:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́. Ọmọbìnrin ọdún 7 ni, Pírámárì Kejì ló wà. A pààrọ̀ iléèwé fún un nígbà tí wọ́n wọlé sáà tuntun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, tí mo bá ti ń wẹ̀ fún un láàárọ̀, á di ìdodo mú: "Màmi, inú ń run mí." Kò gbóná, kò bì. Tí mo bá ní kó jókòó sílé, kó tó di aago mẹ́wàá ó ti ń fò káàkiri. Ní Sátidé, kò sí nǹkan kan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó tún dé.

A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, ó sì lo oògùn rẹ̀ tán nígbà méjèèjì. Ó lo oògùn aràn lóṣù tó kọjá. Ohun mìíràn tí mo rí ni pé oúnjẹ tó ń gbé lọ ń padà wálé láàbọ̀, ìgò omi rẹ̀ sì ń padà bó ṣe lọ. Pátá rẹ̀ náà máa ń ní àbàwọ́n díẹ̀díẹ̀, mo rò pé kò mọ ìdí nù dáadáa ni. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, pé pàṣán ló máa wò ó sàn. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìjẹ̀ṣà
Ọjọ́ Àìkú, 8:31 alẹ́

Bàbá rẹ̀ ò jẹ̀bi. Ìrora wo ló mọ kàlẹ́ńdà, tó mọ Sátidé yàtọ̀ sí Mọ́ńdè? Ẹ mú un lọ, ẹ fà á lé àǹtí kíláàsì lọ́wọ́, kí ẹ yíjú padà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, á gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé
Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́

Ìyá Mofẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ewu kúrò ńlẹ̀. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni níbí, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ: ìrora tó ń jí i lójú oorun lóru, ìrora tó kúrò nídodo tó wá dúró sísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, tí kò jẹ́ kó nàró rìn, èébì aláwọ̀ ewé, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ikùn tó wú tó sì le, ibà, kó máa rù. Tí ẹ kò bá sì tíì mọ jínótáìpù rẹ̀, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí inú rírun wà lára ohun tó ń yọ ọmọ SS lẹ́nu.

Ní ti táífọ́ọ̀dù: Widal ni àyẹ̀wò tí àwọn láàbù kéékèèké sábà máa ń ṣe. Kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun tí ara fi bá kòkòrò jà ló ń wá, èyí sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí àìsàn ti lọ, tàbí kó jẹ́ kòkòrò mìíràn tó fara jọ ọ́ ló gbé e jáde. Ọmọ tí kò gbóná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó ń fò ní Sátidé, mi ò rò pé táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe é. Ẹ má ra oògùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Dókítà tó bá fura sí i lóòótọ́ máa ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní láàbù fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n wo bóyá kòkòrò á hù níbẹ̀.

Ìgò omi àti pátá ni ojú mi kàn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ tí kò bá fẹ́ tọ̀ níléèwé kì í mu omi níléèwé. Ó ti ṣírò rẹ̀. Pátá yẹn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ àìmọ̀dí nù rárá. Tí ọmọ bá ń há ìgbẹ́ mọ́ra, ìfun ńlá á máa fa omi inú ìgbẹ́ náà títí yóò fi gbẹ tí yóò fi le. Ọjọ́ tó bá fẹ́ jáde, á dùn ún. Ọmọ ò ní gbàgbé, á tún há a mọ́ra lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe ń kó jọ ni ìfun ń fẹ̀, tí kì í tètè mọ̀ mọ́ pé òun ti kún. Èyí tó rọ̀ lókè á wá máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó le kọjá, á ta sí pátá, ọmọ náà gan-an ò ní mọ̀. Àwọn òbí á ní ó ń ṣu sára, wọ́n á nà án. Àwọn mìíràn á ní inú ń ṣu ú, wọ́n á fún un lóògùn tó ń dá inú dúró, ni ọ̀rọ̀ á bá burú sí i.

Ẹ wo nǹkan mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń yàgbẹ́ lọ́sẹ̀? Ṣé ó rí kóro-kóro bíi ti ewúrẹ́, àbí ó tóbi débi pé ó fẹ́ẹ̀ dí tọ́ílẹ́ẹ̀tì? Ṣé ó máa ń fi ẹsẹ̀ kọ́ra, tàbí kó lóṣòó kó fi gìgísẹ̀ kan ti ìdí? Ṣé ìtọ̀ máa ń ta á, tàbí kó máa tọ̀ díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ náà wò, torí ìtọ̀ tí ọmọbìnrin ń há mọ́ra máa ń fa àrùn síbẹ̀.

Ìyá Àgbà Ṣàgámù
Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ gba bísíkíìtì àti súìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní àgbo jẹ̀dí díẹ̀ lálẹ́, tàbí kí ẹ fi rọ́bà fún un nídìí pẹ̀lú omi ọṣẹ lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí a ṣe ń ṣe é fún àwọn ọmọ tiwa nìyẹn, wọ́n sì dàgbà.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé
Ọjọ́ Ajé, 7:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Ti bísíkíìtì, òótọ́ lẹ sọ. Bísíkíìtì, nudú àti búrẹ́dì funfun kò ní nǹkan kan tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Àmọ́ mo bẹ̀ yín mà, omi ọṣẹ ń bó inú ìfun. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ọtí ni wọ́n fi ń rẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ta ló sì mọ ìwọ̀n tó yẹ ọmọ ọdún 7? Yàtọ̀ sí èyí, ihò ìdí tó ń dùn ún tẹ́lẹ̀ lẹ tún fẹ́ ki rọ́bà bọ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún ní fẹ́ kí nǹkan kan gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Olùkọ́ Pírámárì
Ọjọ́ Ajé, 4:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí òbí kì í rí.

Kíláàsì ọlọ́mọ 40, tí àǹtí bá jẹ́ kí gbogbo ẹni tó nawọ́ jáde, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ní ó di bíréèkì. Bíréèkì wá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n. Inú rẹ̀ ni ọmọ á ti jẹun, á ti ṣeré, á tún ti tò sídìí tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì. Ọmọ tuntun ló máa ń gbẹ̀yìn lórí ìlà. Agogo á lù kó tó kàn án.

Ẹ tún wo ti èdè. Níbi tí wọ́n bá ti fòfin de "fànákúlà", àwọn ọmọ á jọ máa ké "May I ease myself?" bí ẹni ń kọrin. Àmọ́ tí àǹtí bá yọjú sí ọ̀kan pé kí lo fẹ́ lọ ṣe gan-an, á dákẹ́, torí kò mọ ohun tí "ease" jẹ́. Ó mọ mo fẹ́ tọ̀, ó mọ mo fẹ́ yàgbẹ́. Èyí tó mọ̀ ni wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá: á jókòó sí eteetí bẹ́ǹṣì, á máa mi ẹsẹ̀, ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé á dúró, kò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń kọ́ ọ. Olùkọ́ tí kò bá lákìíyèsí á ní kò fọkàn sí iṣẹ́.

Ìyá Mofẹ́, ẹ má lọ bá àǹtí láàárọ̀ nígbà tó ń gba ogójì ọmọ wọlé, kò ráyè yín. Ìgbà tí wọ́n bá jáde ni kí ẹ lọ, kí ẹ ti sọ fún un ṣáájú pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ fẹ́. Ẹ bi í pé: ibo ló ń jókòó, ta sì ni ẹnìkejì rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì? Ìgbà wo ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ lọ tọ̀? Iṣẹ́ wo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀? (Tó bá jẹ́ ìṣirò àkàsórí ni, tí ẹni tó bá gbà á tì sì ń jẹ ẹgba, ẹ ti rí nǹkan kan nìyẹn.) Ṣé ó ń rí pátákó dáadáa? Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn rẹ̀ wò.

Agbaninímọ̀ràn Iléèwé
Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìkan ni. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì lè wà níbẹ̀, kí ẹni tó jókòó tì í náà sì máa gba pẹ́ńsù rẹ̀ lójoojúmọ́.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà, ìrora tó mọ kàlẹ́ńdà kì í ṣe irọ́ o. Àgbàlagbà tó máa lọ jẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù lọ́la, ṣebí ìgbà mélòó ló ń lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì lálẹ́ òní? Iṣan ló so ìfun mọ́ ọpọlọ. Àgbàlagbà á ní àyà òun ń já. Ọmọdé á ní inú ń run òun, torí ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má bi í pé "kí ló ń ṣe ẹ́ níléèwé?" Á ní kò sí nǹkan. Ẹ má sì bi í láàárọ̀ rárá. Ìgbà tí ẹ bá ń dirun fún un ló dáa jù: orí rẹ̀ wà láàárín itan yín, kò rójú yín, ẹ kò rójú rẹ̀, kò sì síbi tó ń lọ fún wákàtí kan. Ẹ béèrè nǹkan kéékèèké. Ta ló jókòó sápá ọ̀tún rẹ? Tí agogo bíréèkì bá lù, ibo lẹ kọ́kọ́ ń sáré lọ? Ta ló ń bá ẹ jẹun? Ibo lẹ ti ń tọ̀? Tó bá dákẹ́ lórí ọ̀kan, ẹ má fà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ di irun méjì sí i kí ẹ tó padà síbẹ̀.

Tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní bébà kó ya iléèwé wọn: pátákó, bẹ́ǹṣì rẹ̀, pápá, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, gééètì. Kó fi pupa kun ibi tí kò fẹ́ràn. Ẹ máa wo ibi tí kò yà rárá pẹ̀lú.

Tó bá wá dárúkọ ẹnìkan, ẹ má pariwo "Háà! Màá lọ bá a lọ́la!" Ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ẹ ní "o ṣeun tó o sọ fún mi", kí ẹ máa dirun yín lọ.

Ìyá Ọ̀ṣọ́gbo
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:12 ọ̀sán

Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí ọmọ sinmi sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì ná? Kí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ máa wá ìdí rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Agbaninímọ̀ràn Iléèwé
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:30 ọ̀sán

Rárá mà, àyàfi tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹnìkan bá ń ṣe é léṣe níbẹ̀ tí iléèwé kò tíì dá sí i. Gbogbo ọjọ́ tó bá jókòó sílé tí ìrora sì lọ lójú ẹsẹ̀, ara rẹ̀ ń kọ́ ọ pé ilé ni oògùn. Tó bá fi máa padà, iṣẹ́ ti ṣáájú rẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ ti rí ẹlòmíràn bá ṣeré. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tó bá pọn dandan kó dúró sílé, kí ó dà bí ọjọ́ àìsàn lóòótọ́: kó dùbúlẹ̀, kó jẹ ẹ̀kọ gbígbóná, kó ka ìwé. Kò sí kàtúùnù, kò sí fóònù, títí di ìgbà tí iléèwé máa jáde.

Ní ti àárọ̀, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ ti palẹ̀ báàgì àti yunifọ́ọ̀mù mọ́, kó má jẹ́ pé alẹ́ ni ọmọ máa rí wọn kó tó sùn. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Tí ẹ bá máa jí i ní 5:45, kó ti wà lórí ibùsùn ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ní gééètì, ẹ dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ gbólóhùn kan, "aago méjì màá wà níbí", kí ẹ lọ. Ẹ má fi ọgbọ́n yọ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì padà lọ yọjú lójú fèrèsé. Tí ẹ bá ní aago méjì, kí aago méjì bá yín níbẹ̀.

Ìyá Mofẹ́, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo dirun fún un lónìí. Ìkọ́ ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì obìnrin ti já, àwọn ọmọkùnrin kan máa ń tì í wọlé bá wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bíréèkì nìkan ni àǹtí ń jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹni tó bá sì sọ Yorùbá ń san ₦50. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó ní ìgbẹ́ ti dì sápá òsì, ó kọ lactulose fún un, oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè mi kù: báwo ni kí n ṣe bọ́ ọ, títí di ìgbà wo ló máa lo oògùn yẹn, báwo ni mo sì ṣe máa sọ ọ́ níléèwé tí wọn ò fi ní mú ọmọ mi lọ́tàá?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:30 alẹ́

Ìwọ̀n tí dókítà kọ ni kí ẹ lò, ẹ má bù kún un, ẹ má bù ú kù. Lactulose lè gba ọjọ́ méjì kó tó ṣiṣẹ́, ó máa ń kó afẹ́fẹ́ síkùn ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì wúlò láìsí omi. Ẹ múra sílẹ̀: tí èyí tó ti dì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àbàwọ́n pátá á kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìyá ń dá oògùn dúró níbẹ̀ nítorí wọ́n rò pé oògùn náà ti pọ̀ jù. Àwọn tó kù ń dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá yàgbẹ́ dáadáa. Ìfun tó ti fẹ̀ kì í súnkì padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó lè gba oṣù mélòó kan. Dókítà ló máa sọ ìgbà tí ẹ máa dín in kù, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń dín in.

Jíjókòó: lẹ́yìn oúnjẹ ni ìfun máa ń jí. Tó bá ti tó bíi ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán, àti bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ jẹ́ kó jókòó sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 7 kì í kanlẹ̀ lórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì onítáńkì. Ẹsẹ̀ tó bá sì ń fì, ìdí kì í ṣí. Ẹ gbé àpótí tí ẹ fi ń jókòó ní ìdí ààrò síbẹ̀ kó fi tẹsẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ ga ju ìbàdí lọ, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ fún un ní bàlúùnù kó máa fẹ́. Bó ṣe ń fẹ́ ẹ, ikùn ń tì í. Jíjókòó rẹ̀ ni kí ẹ yìn, bóyá nǹkan jáde tàbí kò jáde.

Omi: lítà kan sí lítà kan ó lé díẹ̀ lójúmọ́, ìyẹn píọ́ wọ́tà méjì oní 50cl, àti díẹ̀ sí i tí oòrùn bá mú. Ife kan tó bá jí, ife kan kó tó jáde nílé, ìgò kékeré kan níléèwé, ìyókù tó bá dé. Tí ẹ bá ní kó mu gbogbo rẹ̀ lálẹ́, ibùsùn ló máa gbà á.

Oúnjẹ: ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín bíi ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ̀fọ́ nínú ọbẹ̀ lójoojúmọ́, ègé ìbẹ́pẹ tó tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọsàn, ẹ bó o fún un kó jẹ gbogbo inú rẹ̀. Bí a ṣe ń fá a tí à ń fa omi rẹ̀, ohun tó máa rọ ìgbẹ́ gan-an là ń jù nù yẹn. Ẹ má yí oúnjẹ rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú á wú u.

Ẹ fi pátá kan àti aṣọ ìnura kékeré sínú ọ̀rá, kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀, kí òun àti àǹtí nìkan mọ̀. Ẹ kọ́ ọ láti nu ìdí láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Kí ẹ sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé àbàwọ́n yẹn kì í ṣe ìwà. Ọmọ ò mọ̀ nígbà tó ń jáde. Ẹgba á kàn kọ́ ọ láti máa fi pátá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:05 alẹ́

Ti pàṣán, mo ti gbọ́, mo gbà. Àmọ́ ẹ má dá iléèwé lẹ́bi lórí ₦50. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi ṣe ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi wáṣẹ́. Tí ọmọ ò bá sọ ọ́ níbẹ̀, ibo ló ti máa sọ ọ́?

Olùkọ́ Pírámárì
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:52 alẹ́

Bàbá, ní Ilé-Ifẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ní olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, èsì wọn ò kéré sí ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà èdè 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ pírámárì, ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Èdè ìkọ́ni ni wọ́n sọ o. Wọn ò sọ pé kí ọmọ sanwó kó tó lè tọ̀.

Ìyá Mofẹ́, ẹ má bá wọn fa ti èdè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí tọ́ílẹ́ẹ̀tì gbà. Ìwé dókítà ni kí ẹ mú dání. Ẹ sọ fún àǹtí pé: "Dókítà ní kó máa lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nígbàkúùgbà tó bá ń gbọ̀n ọ́n, kó má dúró de bíréèkì. Ṣé a lè fún un ní káàdì kan tó máa gbé sórí tábìlì yín, tí kò fi ní máa sọ̀rọ̀?" Páálí tó tó káàdì ìkíni, tí ó ya igi ọsàn sí, ti tó. Olùkọ́ fẹ́ràn káàdì, torí kì í dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, àwọn ọmọ yòókù ò sì ní mọ ohun tó wà fún. Kí ẹ tún ní kó máa jẹ́ kó lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú agogo bíréèkì, kí ìlà tó gùn.

Nílé, ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà, kó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Kí ẹnìkan ṣe àǹtí, kí òun nawọ́, kó dìde, kó sọ ọ́ sókè. Ẹ ṣe é bí eré ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lálẹ́. Tó bá gbàgbé rẹ̀, káàdì wà.

Ti àwọn ọmọkùnrin tó ń tilẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá iléèwé ni ìyẹn ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn òbí wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, àkókò, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ béèrè olùkọ́ wo ló máa dúró sí apá ibẹ̀ ní bíréèkì, kí ẹ sì padà lọ béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Akápò PTA
Ọjọ́ Àìkú, 3:20 ọ̀sán

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún iléèwé ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan fún ọmọbìnrin 25, àti ọ̀kan pẹ̀lú ibi ìtọ̀ kan fún ọmọkùnrin 50. Ẹ ka ti yín kí ìpàdé tó dé. Nọ́ńbà ń sọ̀rọ̀ ju ẹ̀dùn ọkàn lọ níwájú PTA. Àmọ́ ẹ má fi ilé tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun bẹ̀rẹ̀, owó yẹn kì í tètè jáde. Ẹ fi ohun tí owó kékeré lè ṣe bẹ̀rẹ̀: bóòtù tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì onípáìpù kan níta fún ọwọ́ fífọ̀, àgbá omi àti ife ìbomi nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ọṣẹ tí wọ́n bá kàn gbé sílẹ̀ máa ń pòórá lọ́jọ́ kan. Ẹ ki ọṣẹ náà sínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó ti gbó, kí ẹ so ó mọ́ páìpù. Kí wọ́n fọ ibẹ̀ kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fọ̀ ní aago méjì ọ̀sán, kò sí ọmọ tó rí i.

Ìyá Mofẹ́, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, 4:06 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ra bóòtù méjì lónìí, màá mú wọn lọ lọ́la pẹ̀lú ìwé dókítà. Káfíńtà iléèwé ní òun á kàn án sókè kí ó lè lágbára.

Akápò PTA
Ọjọ́ Àìkú, 4:19 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má gbà fún un. Ọwọ́ ọmọ Pírámárì Kìíní ò ní tó o, wọ́n á tún máa lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí. Bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láti ilẹ̀ ló dáa. Kí ó jẹ́ bóòtù kékeré tó ń fà gbọọrọ láìsí agbára. Ẹ sì ní kó fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ létí ilẹ̀kùn, tí rúlà lè gbà wọlé láti ìta, torí láàárín ọ̀sẹ̀ kan ọmọ kan á ti ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣí i, á sì bú sẹ́kún.